Ẹ Má Tíì Fọ Sọ́m̀pù Yẹn

Iná ọ́ìlì ló kọ́kọ́ ta mí lólobó. Ẹ mọ̀ ọ́n: àwòrán agolo pupa kékeré ojú dáàsìbọ́ọ̀dù, tí ẹ̀kán ọ́ìlì kan ń já bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Kì í yọjú láàárọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde. Ó di ìgbà tí mo bá ti wakọ̀ láti Bódìjà dé Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn, tí gbogbo irin ti gbóná, tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ wá dá mi dúró pẹ̀lú ẹsẹ̀ lórí bíréèkì. Á ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, á tún ṣẹ́jú. Bí mo bá tẹ ẹ́ńjìnnì kó sáré díẹ̀, á kú. Bí mo bá gbẹ́sẹ̀ kúrò, á tún dé.

Mo yọ géèjì ọ́ìlì wò, ọ́ìlì pé. Mo pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ tó ń tan iná náà, ibi pẹlẹbẹ náà lọ̀bẹ fi lélẹ̀. Bí ọ́ìlì bá pé, tí sẹ́ńsọ̀ kò purọ́, tí iná ṣì ń ṣẹ́jú, a jẹ́ pé ọ́ìlì wà nílé ṣùgbọ́n kò dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń retí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbé ọkọ̀ jókòó, mo sì bẹ ẹnikẹ́ni tó bá rí iná yẹn pé kó ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú ẹ́ńjìnnì tó lálàáfíà, irin kì í fara kan irin. Ọ́ìlì ló máa ń wà láàárín wọn, ó fẹ́lẹ́ bí awọ inú àlùbọ́sà, òun sì ni irin ń yọ̀ lé lórí. Bí ọ́ìlì yẹn bá yẹra, irin á bẹ̀rẹ̀ sí í họ irin. Ìròyìn tí ẹ máa gbọ́ lẹ́yìn náà ni pé ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì, ẹ sì mọ iye tí wọ́n ń ta ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ní ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó báyìí.

Ó kù kí n wọ abẹ́ ọkọ̀, kí n tú sọ́m̀pù. Mo ti ń tún ọkọ̀ mi ṣe fúnra mi fún ọdún díẹ̀, kì í ṣe pé mo kórìíra mẹkáníìkì. Àgbà mẹkáníìkì kan ládùúgbò wa ló kọ́ mi ní ìwọ̀nba tí mo mọ̀, bàbá tó ti ń tún Peugeot ṣe kí wọ́n tó bí mi. Ohun kan wà tí bàbá yìí kì í gbà fún ọmọ iṣẹ́ kankan. Bí wọ́n bá tú sọ́m̀pù sílẹ̀, tí ọmọ náà sì ti ń gbé e lọ síbi tí wọ́n ń fi bẹntiróòlù fọ nǹkan, bàbá á ké láti ìdí ọkọ̀ tó wà: “Má tíì fọ̀ ọ́! Gbé e wá.” Á jókòó tì í, á ki ìka bọ ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ rẹ̀, á fi àtàńpàkò rà á, á gbé e sí oòrùn. Ọmọ iṣẹ́ á dúró. Nígbà yẹn mo rò pé bàbá kàn ń fi àkókò ṣòfò ni. Àṣé ìwé ló ń kà. Ìsàlẹ̀ sọ́m̀pù ni àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tí ojú ẹ́ńjìnnì ti rí wà, ẹni tó bá sì fọ̀ ọ́ kó tó kà á ti ju lẹ́tà síná láìṣí i.

Sọ́m̀pù ni abọ́ tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ẹ́ńjìnnì, níbi tí ọ́ìlì ń gbé. Láti inú rẹ̀ ni pọ́m̀pù ti ń fa ọ́ìlì gba ẹnu asẹ́ irin kan, á tì í gba inú fílítà, á pín in fún kíráńkì, fún bíárìn, fún gbogbo ohun tó ń yí lókè. Bí ọ́ìlì bá ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán, á máa ro padà sísàlẹ̀ fúnra rẹ̀, á sinmi díẹ̀, á tutù díẹ̀, pọ́m̀pù á tún fà á. Gbogbo ohun tó bá pàdé lọ́nà ló ń kó bọ̀: èéfín epo tó jóná, èérún irin tó kéré ju iyẹ̀pẹ̀ lọ, omi, ike, gọ́ọ̀mù. Èyí tó fúyẹ́ á bá a lọ títí fílítà á fi mú un. Èyí tó wúwo á rì.

Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ló ní sọ́m̀pù tó ṣeé tú. Volkswagen Ìjàpá, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ l'Ékòó ní 1975, kò ní in. Egungun ẹ́ńjìnnì rẹ̀ pín sí ọ̀tún àti òsì, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ara kan náà pẹ̀lú ìyókù. Àwo pẹlẹbẹ kan tí nọ́ọ̀tì kéékèèké 6 dì mú ló wà lábẹ́ rẹ̀, asẹ́ wà lórí àwo náà, kò sì ní fílítà mìíràn. Ẹ tú nọ́ọ̀tì 6, ẹ fọ asẹ́, ẹ da ọ́ìlì lítà 2.5 sí i, iṣẹ́ parí. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì wọn na gbọọrọ láti iwájú sẹ́yìn ló wá ní irin ìdábùú tó gba abẹ́ sọ́m̀pù kọjá, débi pé ẹ ní láti tú ìjókòó ẹ́ńjìnnì, kí ẹ gbé ẹ́ńjìnnì sókè díẹ̀ kí sọ́m̀pù tó rí àyè jáde. Tèmi rọrùn ju ìyẹn lọ. Toyota Corolla 2004 ni, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dábùú, sọ́m̀pù onírin pẹlẹbẹ kékeré ló sì wà lábẹ́ rẹ̀, ojú rí i kedere.

Ọjọ́ Sátidé ni mo mú. Orí sìmẹ́ńtì tó tẹ́jú ni mo gbé ọkọ̀ sí, nítorí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ máa ń gbé ẹsẹ̀ jáàkì mì, bí ilẹ̀ bá sì dàgẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ lè yí kúrò lórí ohun tó gbé e. Mo fi òkúta há táyà ẹ̀yìn méjèèjì níwájú àti lẹ́yìn, mo fa bíréèkì ọwọ́, mo tú orí bátìrì. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ jáàkì, nítorí ó ń pa èèyàn. Iṣẹ́ jáàkì ni kó gbé ọkọ̀ sókè, iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe kó gbé e dúró. Rọ́bà inú rẹ̀ lè já lójijì, ọkọ̀ á sì balẹ̀ kí ẹ tó pe “yéè”. Ohun tó yẹ kó wà lábẹ́ ọkọ̀ ni ìdúró irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹyọ kan lápá ọ̀tún, ẹyọ kan lápá òsì, níbi tí irin ọkọ̀ ti le. Àwọn kan ń lo búlọ́ọ̀kù. Búlọ́ọ̀kù kì í tẹ̀, fífọ́ nìkan ló mọ̀, kì í sì í kìlọ̀. Bí kò bá sí ìdúró irin, rímù táyà méjì tí ẹ tò léra wọn sàn ju búlọ́ọ̀kù ọgọ́rùn-ún lọ. Lẹ́yìn tí mo ti sọ ọkọ̀ lé ìdúró méjèèjì, mo fi èjìká tì í gidi láti ẹ̀gbẹ́. Kò mira. Ìgbà náà ni mo tó na ẹ̀yìn mi lélẹ̀. Mo tún yọ táyà iwájú kan, mo tì í sábẹ́ ilẹ̀kùn, tó fi jẹ́ pé bí gbogbo nǹkan bá kùnà, ọkọ̀ á bá táyà kó tó bá àyà mi.

Mo ti tan ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ṣáájú, kí ọ́ìlì lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó sì gbé ìdọ̀tí bọ̀ nígbà tó bá ń dà. Ó gbọ́dọ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni o, kì í ṣe kó gbóná, torí ọ́ìlì gbígbóná máa ń bó awọ. Nọ́ọ̀tì ìdí sọ́m̀pù gba sípánà 14. Mo gbé ráńbà sábẹ́ rẹ̀, mo tú u, ọ́ìlì dúdú sì tú jáde bí okùn tí kò lópin. Ó tó bíi lítà mẹ́rin. Mo wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, mo sì rọ ẹ̀yin náà kí ẹ wọ̀ ọ́, nítorí ọ́ìlì tó ti jóná kò dára fún awọ ara, ẹni tó bá sì ń fi ọwọ́ lásán wẹ̀ ẹ́ láti ọdún dé ọdún ń fi ara rẹ̀ sínú ewu àrùn jẹjẹrẹ awọ.

Bóòtù sọ́m̀pù gba sípánà 10. Wọ́n yí etí abọ́ náà ká bí eyín, pẹ̀lú nọ́ọ̀tì méjì láàárín wọn. Kí n tó fọwọ́ kan ọ̀kankan, mo ya àwòrán sọ́m̀pù sí ẹ̀yìn páálí kan, mo dá ihò sí ibi tí bóòtù kọ̀ọ̀kan wà. Bí mo bá ti tú ọ̀kan, mo tì í bọ ihò tirẹ̀. Ìyẹn kò dà bí nǹkan lójú, ṣùgbọ́n nínú ẹ́ńjìnnì mìíràn àwọn bóòtù yìí kì í gùn dọ́gba, bí ẹ bá sì fi èyí tó gùn bọ ihò tí kò jìn, ó lè gún nǹkan lókè tàbí kó dúró kó tó fún sọ́m̀pù pọ̀. Ọmọ aládùúgbò mi, ọmọ ọdún 14, ló ń gba bóòtù lọ́wọ́ mi tó ń tò wọ́n sórí páálí. Mo fi mẹ́rin sílẹ̀ ní igun mẹ́rin láìtú wọn tán, kí abọ́ má baà já lé mi lójú.

Ibi tí iṣẹ́ gidi wà nìyí. Toyota kì í fi gásíkẹ́ẹ̀tì páálí tàbí ti rọ́bà sáàárín sọ́m̀pù irú ẹ́ńjìnnì yìí àti egungun rẹ̀. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n ń fà yí etí rẹ̀ ká, tó máa gan tó máa di rọ́bà. Bó bá ti gan, kódà bí kò bá sí bóòtù kankan lórí rẹ̀ mọ́, sọ́m̀pù á ṣì rọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì bí ìgbín ṣe ń lẹ̀ mọ́ ara igi. Ohun tó ń wá sọ́kàn ẹni ni kó ki ẹnu súkúrùdíráfà bọ̀ ọ́, kó fi gbé e. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Egungun ẹ́ńjìnnì Corolla yìí, alumíníọ̀mù ni, ó rọ̀. Ojú súkúrùdíráfà á họ ọ́, etí sọ́m̀pù náà á sì tẹ̀ gọ́bẹ́, láti ọjọ́ yẹn lọ gọ́ọ̀mù kankan kò ní dá ọ́ìlì dúró níbẹ̀. Toyota ní irinṣẹ́ tirẹ̀ fún un, abẹ tín-ín-rín kan tí nọ́mbà rẹ̀ jẹ́ 09032-00100, tí wọ́n ń fi hámà kàn wọ àárín, tí wọ́n á sì máa kàn án láti ẹ̀gbẹ́ kó lè máa rìn lọ.

N kò ní irinṣẹ́ yẹn. Ọ̀bẹ pẹlẹbẹ tí àwọn akunlé fi ń họ ọ̀dà ni mo lò, èyí tí ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín jù tí mo rí rà. Mo gbé ẹnu rẹ̀ sí igun tí etí sọ́m̀pù ti yọ síta díẹ̀, mo rọra fi hámà kékeré lù ú, kó, kó, kó, títí ó fi wọlé bíi ìdajì èékánná. Mo wá yí hámà sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ń lu ara ọ̀bẹ kó máa gé gọ́ọ̀mù lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí abọ́. Mo yẹra fún apá tí ìdérí pọ́m̀pù ọ́ìlì wà níwájú àti apá tí ọ́ìlì síìlì wà lẹ́yìn, nítorí ọ̀bẹ tó bá ṣìnà níbẹ̀ á da ìjò mìíràn sílẹ̀. Ó gbà mí tó wákàtí kan. Nígbà tí mo yí i ká tán, mo gbọ́ ọ: fẹ̀ẹ̀ẹ̀, ohùn kékeré bí ìgbà tí wọ́n ṣí awọ orí ẹ̀kọ. Igun kan sọ̀kalẹ̀. Mo gba ìdí rẹ̀ mú, mo tú bóòtù mẹ́rin tó kù, mo sì gbé e wálẹ̀ ní títẹ́jú, torí pé bó ti wù kí ẹ da ọ́ìlì tó, díẹ̀ máa ń kù nísàlẹ̀ tí ojú ihò kò lè dà.

Ọmọ náà na ọwọ́ láti gbà á, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n lọ fọ̀ ọ́?” Ohùn bàbá náà ló bọ́ sí mi lẹ́nu. “Má tíì fọ̀ ọ́. Gbé e lọ síbi tí oòrùn wà.”

Bí a ṣe ń kà á nìyí. Ẹ rọra dẹ abọ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ọ́ìlì tó kù ṣàn kúrò láìru ìdọ̀tí. Ẹ wo àwọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ọ́ìlì dúdú kì í ṣe àrùn, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gbé èérí. Ṣùgbọ́n bó bá rí bíi tíì tí mílíìkì pọ̀ nínú rẹ̀, tó ń yọ́ bí ògì, omi ti bá ọ́ìlì pàdé, gásíkẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀pù ni ẹ máa kọ́kọ́ fura sí. Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bí bẹntiróòlù bá ń run níbẹ̀ burúkú, epo ń já wálẹ̀ láti òkè, ọ́ìlì náà á sì ti ṣàn jù. Bó bá jẹ́ pé ńṣe ló ki bí ọ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe títì, tí ìka yín ń fa ipa lójú rẹ̀ tí ipa náà kò dí, ọ́ìlì ti pẹ́ jù nínú ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀, tàbí ọ́ìlì ayédèrú ni wọ́n ń rà.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ mú aṣọ funfun, kí ẹ nu ìsàlẹ̀ abọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ tẹ́ aṣọ náà sí oòrùn. Ohun tó ń dán níbẹ̀ ni kókó ọ̀rọ̀. Ẹ gbé òòfà sún mọ́ ọn. Èyí tí mo ní, ara sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́ ni mo ti yọ ọ́. Ohun tó bá fò mọ́ òòfà, irin gidi ni, láti ara kíráńkì, kámù, ríǹgì tàbí ṣéènì. Èyí tó bá jókòó láìmira, tó funfun bíi fàdákà, alumíníọ̀mù ni, bóyá ti písítìn, bóyá ti bíárìn. Èyí tó bá pọ́n bíi bàbà ni kó bà yín lẹ́rù jù. Ọ̀pọ̀ bíárìn kíráńkì jẹ́ alápá: irin líle wà lẹ́yìn, bàbà lé e, irin rírọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sì wà lójú. Bí ẹ bá rí bàbà nínú sọ́m̀pù, ojú bíárìn ti jẹ tán, ó ti kan ẹran ara. Ìyẹn kò ṣeé fi gọ́ọ̀mù dé mọ́lẹ̀. Ìyẹ̀fun tó tín-ín-rín bí àtíkè, tí ẹ kò lè fi ìka mọ̀ pé ó wà, tí ẹ rí kìkì nígbà tí oòrùn bá tàn sí i, kò burú nínú ẹ́ńjìnnì tó ti rìn jìnnà. Ṣùgbọ́n bí ìka bá ti lè mọ̀ ọ́n, bó bá ti dà bí iyanrìn tàbí bí ìpẹ́ ẹja, ẹ dúró. Àjákù ike aláwọ̀ ilẹ̀ tàbí dúdú, ara irin tó ń tọ́ ṣéènì ni. Ṣéènì ti ń jẹ ẹ́.

Ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tì mí. “Ẹ̀gbọ́n, kí nìyẹn? Bíi kòkòrò.” Ó rí i kí n tó rí i. Lábẹ́ ọ̀dà dúdú tó wà nígun abọ́, okùn-okùn kan wà, aláwọ̀ eérú, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó ìka ọwọ́. Mo fà á, ó nà, ó tún súnkì. Gọ́ọ̀mù ni. Mo padà sábẹ́ ọkọ̀, mo fi tọ́ọ̀ṣì wo ojú asẹ́ tó ń fa ọ́ìlì. Ó lé ní ìdajì ojú rẹ̀ tí okùn aláwọ̀ eérú yìí ti há mọ́, tí èérí dúdú sì wá fi wọ́n ṣe ìtẹ́. Ìdí ọ̀rọ̀ nìyẹn. Bí ọ́ìlì bá tutù tó sì nípọn, ìwọ̀nba tó ń gba ibi tó kù kọjá tó láti pa iná. Bó bá gbóná tó wá ṣàn bí omi, tí ẹ́ńjìnnì sì ń yí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bíárìn á máa jẹ́ kó tètè jò lọ ju bí pọ́m̀pù ṣe ń rí i fà lọ, agbára rẹ̀ á já, iná á ṣẹ́jú.

Mo mọ ibi tó ti wá. Ní bí ọdún méjì ṣáájú, sọ́m̀pù yẹn ń jò díẹ̀, n kò ráyè, mo sì gbé ọkọ̀ fún ẹnì kan kó bá mi dé e. Ó fi gọ́ọ̀mù bò ó bí ẹni fi bọ́tà ra búrẹ́dì. Nígbà tó fún bóòtù, ìdajì gọ́ọ̀mù náà rú síta, gbogbo ayé rí i, ó sì dà bí iṣẹ́ tó dáńgájíá. Ìdajì kejì rú sínú. Ohun tó rú sínú ni kò sẹ́ni tó rí, òun ló sì já lọ́kọ̀ọ̀kan, tí pọ́m̀pù ń fà wọ́n lọ sẹ́nu asẹ́. Inú mi bàjẹ́ gidi. Ìjò kékeré lásán ló jẹ́ tẹ́lẹ̀; àtúnṣe rẹ̀ ló fẹ́ pa ẹ́ńjìnnì.

Níwọ̀n bí sọ́m̀pù ti wà nílẹ̀, ẹ lo àǹfààní náà láti wòkè. Kíráńkì wà níbẹ̀ gbangba, ọ́ìlì ṣì ń kán lára rẹ̀. Mo gba kọ́nrọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan mú, irin tó so písítìn mọ́ kíráńkì, mo gbìyànjú láti mì ín. Bó bá lọ sọ́tùn-ún sósì díẹ̀, kò sí láburú, bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn. Bó bá lọ sókè sódò, tí ẹ gbọ́ “kọ́”, bíárìn rẹ̀ ti lọ. Gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tèmi dúró. Òòfà kò mú ju ìyẹ̀fun lọ, aṣọ funfun kò fi bàbà hàn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run níbẹ̀ lórí ìdùbúlẹ̀.

Asẹ́ náà, nọ́ọ̀tì méjì àti bóòtù kan ló dì í mú. Mo tú u, mo fi píńsà yọ gọ́ọ̀mù, mo rì í sínú karosíìnì, mo fi búrọ́ọ̀ṣì eyín àtijọ́ fọ̀ ọ́ títí tí mo fi lè ka iye ihò rẹ̀ lójú ọ̀sán. Gásíkẹ́ẹ̀tì kékeré ẹnu rẹ̀, mo ra tuntun. Ẹ má fi tàtijọ́ padà, nítorí bí pọ́m̀pù bá ń fa afẹ́fẹ́ níbẹ̀, gbogbo wàhálà yìí já sófo.

Lẹ́yìn tí mo ti ka gbogbo ohun tó wà nílẹ̀ tán ni mo tó gbà kí ọmọ náà fọ sọ́m̀pù, karosíìnì lákọ̀ọ́kọ́, ọṣẹ àti omi gbígbóná tẹ̀ lé e, oòrùn sì gbẹ ẹ́. Èmi wà lábẹ́, mò ń họ gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò lára ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú ọ̀bẹ ike. Àwọn kan ń fi ẹ̀rọ olóbìírí tó ń lọ irin ṣe é, ó yá lóòótọ́. Ìyẹ̀fun òkúta ara rẹ̀ á fò sókè lọ bá kíráńkì, ẹ kò ní rí i, bíárìn ló máa rí i. Ẹ ní sùúrù. Mo tẹ́ etí sọ́m̀pù sórí pákó títẹ́jú, mo wo àárín wọn. Yíká ihò bóòtù mẹ́ta, irin ti wú sókè nítorí ẹni tó fún un lágbára jù. Mo gbé ẹ̀yìn etí náà lé pákó, mo rọra fi hámà lù wọ́n láti ojú rẹ̀ títí wọ́n fi tẹ́.

Gọ́ọ̀mù dúdú tó lè bá ọ́ìlì gbé ni mo rà. Ojú méjèèjì gbọ́dọ̀ gbẹ táútáú, kí òróró má sí níbẹ̀ rárá. Mo gé ẹnu túùbù kéré, mo fa ìlà kan ṣoṣo tí kò já, tó nípọn bíi milimítà 3 sí 4, yí etí abọ́ ká, mo sì gba apá inú ní ẹ̀gbẹ́ ihò bóòtù kọ̀ọ̀kan. Kò jọ ohun tó lè tó. Ó tó. Irú gọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ kì í dúró de ẹni: láàárín ìṣẹ́jú 3 sí 5 sọ́m̀pù gbọ́dọ̀ ti wà lókè, nítorí náà gbogbo bóòtù ti wà létí ọwọ́ kí n tó ṣí túùbù. Mo gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan láìfà á sọ́tùn-ún sósì, ọmọ náà ń ka bóòtù fún mi láti orí páálí, mo fi ọwọ́ yí gbogbo wọn wọlé kí n tó mú sípánà. Láti àárín ni mo ti ń fún wọn lọ sí igun, tí mo bá ṣe tibí, mo kọjá sí ọ̀hún. Ìwọ̀n tí Toyota fún bóòtù wọ̀nyí kò ju bíi 9 Nm lọ. Ẹni tí kò ní sípánà tó ń wọn agbára, kó di sípánà mú nítòsí orí rẹ̀, kó má dì í mú níparí, kó sì jẹ́ ọrùn ọwọ́ nìkan ló máa lò, kó má fi èjìká sí i. Inú alumíníọ̀mù ni bóòtù náà ń wọ̀. Agbára tí ẹ rò pé ẹ fi ń dá ìjò dúró lè fa òwú ihò náà jáde.

Mo fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí gọ́ọ̀mù lè gan. Ẹni tó bá ń kánjú lè da ọ́ìlì sí i lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, bí ara túùbù bá gbà á láyè, ṣùgbọ́n oorun òru kan kò wọ́n ju ọ́ìlì gálọ́ọ̀nù kan lọ. Fílítà tuntun, ìwàsà tuntun fún nọ́ọ̀tì ìdí sọ́m̀pù, ọ́ìlì tuntun tí mo fi géèjì wọ̀n. Mo so orí bátìrì padà. Kí n tó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbiná, mo yọ fíúsì tó ń gbé epo, mo yí kọ́kọ́rọ́ ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kí pọ́m̀pù kọ́kọ́ ti ọ́ìlì dé ibi gbogbo. Mo dá fíúsì padà, mo tan án. Iná pupa wà, ó sì kú.

Ọ́ìlì àtijọ́, mo dà á sínú kẹ́ẹ̀gì, mo dé e. Kòtò ìdọ̀tí tó wà lẹ́yìn ilé kò jìnnà sí kànga tí àdúgbò mẹ́ta ń fà, mo sì ti rí ibi tí ilẹ̀ ọgbà mẹkáníìkì ti dúdú débi pé koríko kò hù níbẹ̀ mọ́. Àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù máa ń wá irú ọ́ìlì bẹ́ẹ̀ láti fi pa ara móòdù wọn, káfíńtà náà ń fi pa pákó òrùlé nítorí ikán. Ọ̀kan nínú wọn ló gbé kẹ́ẹ̀gì náà lọ.

Mo tẹ́ páálí funfun sábẹ́ ọkọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kò sí àmì kankan lórí rẹ̀. Mo wakọ̀ gba Bódìjà, mo mọ̀ọ́mọ̀ gba ọ̀nà tí ó máa ń dí. Ní Mọ́kọ́lá, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ dá wa dúró, oòrùn mú, fáànù ẹ́ńjìnnì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Mo gbẹ́sẹ̀ kúrò, ẹ́ńjìnnì ń yí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, mo tẹjú mọ́ ibi tí agolo pupa yẹn máa ń wà, mo ń wò ó, mo ń wò ó, títí ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn mi fi tẹ fèrè pé kí n máa lọ.